Ilé Mbárí Mbáyọ̀: Bí Ẹgbẹ́ Eléré Ṣe Bí Àwọn Ayàwòrán

Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa ọmọ Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó pé, nígbà tí a bá ń jíròrò lórí ìgbéga àṣà, a ó fi onílù sí àyè tirẹ̀, akéwì sí tirẹ̀, ayàwòrán sí tirẹ̀, bí ẹni pé wọn kò bá ara wọn tan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo láti ọdún 1962 kò ti irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rárá.

Olóyè iṣẹ́ náà ni Dúró Ládiípọ̀, tí a bí ní ọdún 1931. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọ ni, olùkọ́ sì ni pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí èmi tí ń kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1961, ó kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ìlù ilẹ̀ wa sí i. Àwọn kan nínú ìjọ bínú; wọ́n ní ìlù abọ̀rìṣà kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Bí wọ́n bá ti gbà á láàyè, bóyá orin ìjọ nìkan ni ìbá máa kọ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó kó orin rẹ̀ jáde. Ilé ọtí kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òṣogbo. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, ó sọ ọ́ di ilé eré àti àwòrán, Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, sì ràn án lọ́wọ́. Mbari, tí í ṣe ọ̀rọ̀ Ìgbò, ni orúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tí a ti dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1961. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n yí i sí èdè tiwọn: Mbárí Mbáyọ̀, èyíinì ni pé, bí mo bá rí i, n ó yọ̀.

Ní ọdún 1963 ni eré Ọba Kòso jáde níbẹ̀. Ládiípọ̀ ti ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, ṣùgbọ́n ìwé kò lè kọ́ ènìyàn ní bí bàtá ti ń sọ̀rọ̀. Ó lo oríkì àti ìjálá, ó sì jẹ́ kí bàtá fọhùn bí ọ̀kan nínú àwọn òṣèré. Òun fúnra rẹ̀ ṣe Ṣàngó. Abíọ́dún aya rẹ̀ ṣe Ọya. Ní ọdún 1964, wọ́n gbé e dé Berlin, níwájú àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ibi tí ó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ní ọdún 1964 kan náà, Georgina Beier ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ lórí àwòrán yíyà. Àwọn wo ni ó wá? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ eléré ni púpọ̀ nínú wọn! Rufus Ògúndélé jẹ́ òṣèré. Muráínà Oyèlámì ọmọ Ìrágbìjí, òṣèré àti olórin. Jímọ̀h Bùráímọ̀h ni ó ń ṣètò iná mànàmáná fún orí ìtàgé; nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ àwòrán, gẹ́gẹ́ bí a ti ń to ó sára adé ọba. Twins Seven-Seven sì ti máa ń jó fún olóògùn tí ń tajà kiri kí ó tó já sí Mbárí Mbáyọ̀.

Àwọn kan ń sọ pé òyìnbó ni ó dá ayàwòrán Òṣogbo. N kò gbà. Òyìnbó mú ọ̀dà àti bébà wá, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń gbọ́ oríkì Ṣàngó lálaalẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí yóò yà fún un.

Kì í sì í ṣe Òṣogbo nìkan. Ní ọdún 1963, ní Yunifásítì Ìbàdàn, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé ọ̀mu-ẹmu tí Amos Tutùọlá kọ di eré olórin, Demas Nwoko ayàwòrán sì ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé rẹ̀. Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Bruce Onobrakpeya, tí ó ti kọ́ni ní àwòrán ní Ondo Boys' High School kí ó tó lọ sí Saria ní ọdún 1957. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́ títẹ àwòrán ní Òṣogbo. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ, ìwé Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó, sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, Onobrakpeya ni ó ya àwọn iwin inú rẹ̀.