Iṣan Ọkàn: Ohun Tó Ń Wọlé àti Ohun Tó Ń Jáde

Kó tó di nǹkan bí ọdún 1935, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ara àgbàlagbà ti dúró sójú kan. Otto Folin, ọmọ Sweden tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló fi èrò náà múlẹ̀ ní 1905. Lójú tirẹ̀, púpọ̀ jù nínú purotéènì tí à ń jẹ ló ń bá ìtọ̀ jáde láì di ara wa, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń gbó kúrò nínú ẹran ara fúnra rẹ̀.

Rudolf Schoenheimer ló da ọ̀rọ̀ náà rú. Júù ni, Berlin ni wọ́n bí i sí ní 1898. Nígbà tí Hitler gorí àlééfà ní 1933, ó kó lọ sí Yunifásítì Columbia ní New York, níbi tí Harold Urey ti ń ṣiṣẹ́ lórí háídírójìn àti náítírójìn tó wúwo ju ti gbogbogbòò lọ. Schoenheimer, David Rittenberg àti Sarah Ratner fi náítírójìn wíwúwo yìí sàmì sí leucine, ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì àmínò tí wọ́n ń so pọ̀ di purotéènì. Wọ́n fi bọ́ àwọn èkúté tó ti dàgbà fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá jẹ́ pé Folin ló jàre, inú ìtọ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bá àmì náà. Èyí tó bá ìtọ̀ jáde kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, èyí tó sì ti wọnú purotéènì ara wọn ju ìdajì lọ. Bẹ́ẹ̀ àwọn èkúté náà kò tóbi sí i. Bí titun ṣe ń wọlé ni ògbólógbòó ń jáde. Schoenheimer gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1941, ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà sì jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà á gbọ́. Ní 1955, David Hogness, Melvin Cohn àti Jacques Monod fi hàn ní Paris pé purotéènì inú bakitéríà tó ń dàgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ wó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ti ẹranko pàápàá. Àríyànjiyàn yẹn ṣe wá lóore, nítorí ó mú kí àwọn tó kù túbọ̀ fara balẹ̀ wọn nǹkan.

Nínú ọkàn, ọ̀rọ̀ yìí yani lẹ́nu ju ti ibòmíràn lọ. Ọkàn àgbàlagbà ń lù tó ìgbà ọ̀kẹ́ márùn-ún lójúmọ́, kì í sinmi, àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan rẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ bí òmíràn. Ní 2009, ikọ̀ Jonas Frisén ní Sweden lo kábọ́ọ̀nù onítànṣán tí bọ́ǹbù átọ́míìkì tú sínú afẹ́fẹ́ láti mọ ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ń pààrọ̀ nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, kò sì tó ìdajì ìyẹn mọ́ nígbà tó bá pé ọdún márùnléláàádọ́rin. Sẹ́ẹ̀lì ti pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pẹ́ rárá: máyósìn, purotéènì tó ń mú kí iṣan súnkì, ìdajì rẹ̀ ti di òmíràn nínú ọkàn èkúté láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ìyẹn? Ibí gan-an ni wàhálà wà. Ẹ ronú kan ọjà tó kún láàárọ̀, tó kún lálẹ́. Ẹ lè dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ máa ka àwọn tó ń wọlé, àmọ́ bí àwọn tó jáde bá tún gba ẹ̀yìn wọlé, ìṣirò yín ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ásíìdì àmínò tó já kúrò lára purotéènì tó wó ṣe ń tètè padà sínú titun. Ní Chicago, Radovan Zak, Murray Rabinowitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yanjú apá kan rẹ̀ ní 1977: wọn ò ka leucine inú ẹ̀jẹ̀ mọ́, èyí tó ti so mọ́ tRNA, ohun tó ń gbé ásíìdì àmínò lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ purotéènì, ni wọ́n lọ wọ̀n.

Ní Hershey, Pennsylvania, Howard Morgan gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1895 ni Oskar Langendorff ti fi hàn ní Jámánì pé èèyàn lè yọ ọkàn ẹranko, kó so ó mọ́ ọ̀pá gíláàsì, kó máa da omi tó ní èròjà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ọkàn náà sì máa lù fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Morgan so ọkàn èkúté rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń wọn phenylalanine tó ń jò jáde. Iṣan ọkàn kò lè ṣe ásíìdì àmínò yìí, kò sì lè sun ún. Nítorí náà, bí a bá fi oògùn dá kíkọ́ purotéènì dúró, phenylalanine tó ń jáde ń sọ iye tó ń wó.

Ọkàn tó tóbi jù wá ńkọ́? Ní Moscow, Felix Meerson fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jáde látinú ọkàn ehoro pọ̀. Ó rí i pé kíkọ́ purotéènì kọ́kọ́ yára kíkankíkan, ọkàn nípọn, ó fara dà á fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ló wá rẹ̀ ẹ́. Ní 1966, Sidney Schreiber àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York rí i pé wákàtí díẹ̀ péré tó kí kíkọ́ náà tó yára.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìtàn náà ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè jù. Torí pé kíkọ́ rọrùn láti wọ̀n, òun ni gbogbo èèyàn dojú kọ. Bẹ́ẹ̀, nínú ehoro tí wọ́n fún ní họ́mọ́ọ̀nù thyroxine kí ọkàn rẹ̀ lè tóbi, wíwó náà yára. Kíkọ́ ló kàn ṣáájú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n mọ àwọn irinṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń wó nǹkan ni ojú là: láísósóòmù tí Christian de Duve ṣàwárí ní 1955, àti ubiquitin, àmì ìparun tí Ciechanover, Hershko àti Rose gba Ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2004. Pẹ̀lú ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Ní 2007, àwọn ará Osaka bẹ́gi dínà jíjẹ-ara-ẹni, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń kó ohun inú rẹ̀ lọ wó nínú láísósóòmù, nínú ọkàn eku, ọkàn náà wú, kò sì lágbára. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ará Dallas dín in kù nínú ọkàn tí ìfúnpá wà lórí rẹ̀, ó sì sàn fún un. Àfi ká gbà pé iye rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ ló ń ṣe ìyàtọ̀.

Ní ti kíkọ́, rapamycin, oògùn tí wọ́n rí lára bakitéríà inú iyẹ̀pẹ̀ erékùṣù Rapa Nui, dín kíkọ́ purotéènì kù, kò sì jẹ́ kí ọkàn eku wú tó bẹ́ẹ̀ ní 2003. Àmọ́ ó ń dín agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà kù, kì í ṣe ohun tí èèyàn lè máa pín fún gbogbo ẹlẹ́jẹ̀ ríru.

Àwọn yìí ló sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nínú àwọn aláìsàn 452 tí ọkàn wọn ò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́, tí ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Abẹ́òkúta gbé jáde ní 2014, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á fún nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ẹrù tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé lé ọkàn ni iṣan rẹ̀ fi ń díwọ̀n ohun tó máa kọ́. Nínú ìwádìí LIFE, tó kan aláìsàn 9,193, tó sì jáde ní 2002, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dín ọkàn tó nípọn kù, àwọn tí tiwọn sì dín kù kò rí àrùn rọpárọsẹ̀ àti ikú òjijì tó àwọn yòókù. Ẹ jọ̀ọ́, bí dókítà bá ti kọ oògùn náà fún yín, ẹ má ṣe pa á tì nítorí pé orí ò fọ́ yín mọ́.