Ṣọ́ọ̀kì Inú Bébà àti Àwòrán Platinum

Ní ọdún 1967, Irving Penn, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, wá sí Dahomey, tó ń jẹ́ Benin lónìí, ó sì ya àwọn ọ̀dọ́bìnrin ibẹ̀. Nígbà tó di 1980, ó fi platinum àti palladium tẹ ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà, Three Dahomey Girls, One Reclining, sórí bébà. Ojú tí Penn fi wo àwọn ọmọbìnrin náà ni gbogbo èèyàn ń yìn. Èmi gbà pé ó yẹ kí a yin bébà pẹ̀lú, nítorí bébà tí kò bá gba oògùn tí a fi ń tẹ àwòrán yóò ba iṣẹ́ ẹni tó mọṣẹ́ jù lọ jẹ́.

William Willis ló gba ìwé àṣẹ fún ìhùmọ̀ fífi platinum tẹ fọ́tò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1873. Palladium ò dé ọjà àwọn onífọ́tò àfi ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí platinum di ọ̀wọ́n. Lára fọ́tò tí a mọ̀, inú gelatin tó bo ojú bébà ni àwòrán wà. Ti platinum kò rí bẹ́ẹ̀, àárín fọ́nrán bébà gan-an ló ń wọ̀. A ó po iyọ̀ irin tó ń jẹ́ ferric oxalate mọ́ iyọ̀ platinum, a ó fi kun bébà, a ó sì sá a sí ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yóò yí iyọ̀ irin padà, èyí ni yóò sì sọ iyọ̀ platinum di dúdú nígbà tí a bá ki bébà bọ omi potassium oxalate. Oògùn yìí kò fẹ́ kúrò nínú kíkan. Bí ṣọ́ọ̀kì bá wà nínú bébà, yóò pa kíkan náà bí omi eérú ti ń pa kíkan ọsàn wẹ́wẹ́. Irin yóò dì mọ́ fọ́nrán, fífọ̀ kò ní lè mú un kúrò tán. Ibi tó yẹ kó funfun yóò pọ́n, ibi tó yẹ kó dúdú yóò ṣá.

Àwọn tó ń ṣe bébà kò fi ṣọ́ọ̀kì síbẹ̀ láti ni ẹnikẹ́ni lára. Álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló ń sọ ìwé di kíkan, tí ojú ewé fi ń pọ́n tó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́. Ṣọ́ọ̀kì ni ìwòsàn rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gbilẹ̀ ní ìdajì kejì ọ̀rúndún ogún. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ àwòrán platinum sórí irú bébà bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi ásíìdì yọ ṣọ́ọ̀kì náà. Ẹnìkan lè wá sọ pé ẹni tó bá yọ ṣọ́ọ̀kì kúrò ti gé ẹ̀mí àwòrán kúrú. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pàápàá nítorí pé platinum fúnra rẹ̀ máa ń mú kí èéfín sulfur inú afẹ́fẹ́ tètè di ásíìdì. Ṣùgbọ́n bébà òwú tí kò ní álọ́ọ̀mù, tí a sì fọ ásíìdì kúrò lára rẹ̀ dáadáa, lè pẹ́ púpọ̀ láìsí ṣọ́ọ̀kì. Àbàwọ́n irin kò sì ṣe àwòrán kankan lóore.

Bí a ṣe ń yọ ṣọ́ọ̀kì náà ṣe pàtàkì. Ásíìdì oxalic ń sọ ṣọ́ọ̀kì di ìyẹ̀fun funfun tí kì í yọ́ nínú omi, tó sì ń kù sáàárín fọ́nrán. Ti sulfamic ń sọ ọ́ di ohun tí omi lè fọ̀ lọ, òun ni mo fara mọ́. Ní báyìí, àwọn bébà bí Arches Platine àti Hahnemühle Platinum Rag wà tí wọ́n ṣe láìfi ṣọ́ọ̀kì sí i rárá, nítorí àwọn tó ń tẹ irú àwòrán yìí.