Bí Jíìnì Ìdènà Oògùn Ṣe Dé Inú Kòkòrò Àrùn Ìtọ̀

Escherichia coli ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àrùn ọ̀nà ìtọ̀. Inú ìfun ni ilé rẹ̀, kì í sì í sábà dà wá láàmú níbẹ̀. Ìgbà tó bá dé àpò ìtọ̀ ni ìtọ̀ á máa ta ènìyàn bí ata. Theodor Escherich, oníṣègùn ọmọdé ní Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1885.

Ní 1940, Edward Abraham àti Ernst Chain rí i ní Oxford pé kòkòrò yìí ní ẹ́ńsáìmù kan tó ń ba pẹnisílíìnì jẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó fi oògùn náà tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Ìdènà ti wà ṣáájú ìwòsàn.

Àmọ́ Japan ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Shigella, kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn, ń yè bọ́ lọ́wọ́ oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1959, Tomoichiro Akiba àti Kunitaro Ochiai, tí kálukú wọn ń ṣe ìwádìí tirẹ̀, fi hàn pé Shigella àti E. coli lè fún ara wọn ní ìdènà náà bí wọ́n bá ti fara kanra. Plasmid ló ń gbé e: DNA kékeré tó rí roboto, tó dá dúró nínú kòkòrò. Kòkòrò kì í dúró dìgbà tó bá bímọ kó tó pín ogún; ó ń pín in fún ẹ̀yà mìíràn pẹ̀lú. Èyí ni mo kà sí gbòǹgbò gbogbo wàhálà yìí.

Ní 1965, Naomi Datta àti Polyxeni Kontomichalou kọ nípa TEM, jíìnì tó ń sọ ampicillin di asán, tí wọ́n rí lára aláìsàn kan ní Athens. Oògùn tuntun dé, jíìnì ìdènà mìíràn, CTX-M, náà dé: inú Kluyvera, kòkòrò tí kì í sábà pa ènìyàn lára, ló ti ṣẹ̀ wá. Nínú ìtọ̀ ẹnì kan ní Sweden tó ti gba ìtọ́jú ní Íńdíà ni wọ́n ti rí jíìnì ìdènà NDM-1 ní 2008. Jíìnì ìdènà mcr-1, tí wọ́n ròyìn rẹ̀ ní China ní 2015 lára ẹlẹ́dẹ̀ àti ènìyàn, jáde nínú ìtọ̀ obìnrin kan ní Pennsylvania ní 2016.

Bí ìtọ̀ bá ń ta yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré ra kápúsù ní kẹ́mísì. Ẹ gbé ìtọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n lè mọ oògùn tó ṣì ń ran kòkòrò náà.