Ìdí Tí Họ́kì Kò Fi Jáde Lọ́gbà Ilé-Ìwé

Nírọ̀lẹ́ ní Fìdítì, ìlú kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, bí oòrùn bá ti rọjú díẹ̀, kò sí àdúgbò tí a kò ti ní rí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Òkúta méjì ni wọ́n fi ń ṣe ilé, ẹni tó ní bàtà á wọ bàtà, ẹni tí kò ní á fi ẹsẹ̀ lásán gbá a, bí mọ́tò bá sì ń bọ̀, wọn á yà fún un, wọn á tún padà sí agbo eré. Kò sí tíṣà tó dúró tì wọ́n, kò sí ẹni tó ń fọn fèrè. Họ́kì bá bọ́ọ̀lù wọ ilẹ̀ Yorùbá lọ́wọ́ àwọn òyìnbó kan náà, irú ọgbà ilé-ìwé kan náà ni wọ́n sì gbìn ín sí, síbẹ̀ ènìyàn lè rìn láti Fìdítì dé Ìlọrà, kó gba ibẹ̀ wọ Ọ̀yọ́, kó má rí ọmọ kan tó gbé igi họ́kì dání. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé eré ọlọ́lá ni, tàbí pé eré àjèjì ni, pé ìdí nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìtàn ń fi hàn ni pé họ́kì kò ní alágbàtọ́ kankan lẹ́yìn ilé-ìwé. Igi rẹ̀, pápá rẹ̀ àti àsìkò tí wọ́n fi ń gbá a, ọwọ́ ilé-ìwé ni gbogbo rẹ̀ wà, nígbà tí agbára ilé-ìwé kò sì gbé e mọ́, kò sí ẹni tó wà níta tí yóò gbà á mọ́ra.

Inú bí wọ́n ṣe ń gbá a gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé sì wà lára wọn. Pápá rẹ̀ gùn ní mítà 91.4, ó fẹ̀ ní mítà 55. Abala mẹ́rin oníṣẹ́jú 15 ni wọ́n ń gbá báyìí. Tẹ́lẹ̀, abala méjì oníṣẹ́jú 35 ni. Igi rẹ̀ ni ó ya eré náà sọ́tọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́, ojú rẹ̀ ní apá òsì tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ní apá ọ̀tún sì rí roboto. Ẹ̀yìn yìí kò gbọdọ̀ kan bọ́ọ̀lù. Kò sí igi ọlọ́wọ́ òsì. Bákan náà ni gbogbo ènìyàn ń dì í mú, ọwọ́ òsì lókè, ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá wá bọ́ sí apá òsì ẹni tó ń gbá a, àfi kó yí ọwọ́ kíá, kí orí igi dorí kodò, kó lè fi ojú tó tẹ́ náà gbà á. Èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń mọ̀ lọ́jọ́ kan. Bọ́ọ̀lù náà kò tóbi ju ọsàn kan lọ, ṣùgbọ́n ó le koko, ó sì wúwo tó gíráàmù 156 sí 163. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn án, àfi ti aṣọ́lé. Níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà tó yí po bí àbọ̀ òbìrí, mítà 14.63 sí ilé. Bí ènìyàn bá gbá bọ́ọ̀lù láti òde ìlà náà tó sì wọ àwọ̀n, kì í ṣe góòlù, àyàfi bí igi ẹni tó ń lé góòlù bá kàn án nínú ìlà.

Ìjìyà tí àwọn olólùfẹ́ eré náà ń dúró dè jù ni pẹ́nátì kọ́nà. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ yóò kó ènìyàn márùn-ún péré sẹ́yìn ìlà ilé wọn, aṣọ́lé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àwọn yòókù á padà sí ìdajì pápá. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kejì yóò ti bọ́ọ̀lù láti ojú ìlà ẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú àbọ̀ òbìrí kí ẹnikẹ́ni tó lè gbá a sílé, bí wọ́n bá sì fi igi lù ú gan-an ní àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ wọlé ga ju sẹ̀ǹtímítà 46 lọ. Bí bọ́ọ̀lù ti kúrò nílẹ̀ báyìí ni àwọn márùn-ún ń sáré jáde láti lọ pàdé rẹ̀. Ẹni tó bá ro èyí dáadáa yóò rí i pé kò sí bí eré yìí ṣe lè ṣeé gbá lórí ilẹ̀ gbágungbàgun. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lè fò lórí kòtò kó máa lọ. Bọ́ọ̀lù họ́kì tó bá kọ lu ìdí koríko, ojú ènìyàn ló lè fò sí. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni họ́kì ti nílò ẹni tí yóò máa tọ́jú pápá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí a tó sọ pé àjèjì ni, ó yẹ ká rántí pé fífi igi gbá nǹkan roboto ti wà nílẹ̀ Áfíríkà kí òyìnbó tó kọ òfin kankan. Lára ògiri ibojì kan ní Beni Hasan ní Íjíbítì, tó ti tó nǹkan bí 4,000 ọdún, àwòrán ọkùnrin méjì wà tí wọ́n fi igi tó tẹ̀ kojú ara wọn lórí nǹkan roboto kan. Ní Etiópíà, gena ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbá nígbà Kérésìmesì. Òfin tí ayé ń lò lónìí ni àwọn ẹgbẹ́ eré ìlú Lọ́ńdọ̀nù tò jọ, Blackheath wà lára wọn, ní 1886 ni wọ́n sì dá Hockey Association sílẹ̀. Ó wọ Òlíḿpíìkì ní 1908. Sọ́jà àti tíṣà ló gbé e káàkiri ilẹ̀ tí Ìlú Ọba ń ṣàkóso, irú ọwọ́ tó sì gbé e dé ibì kan ló sọ bí yóò ti rí níbẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ tíṣà ló lágbára jù. Government College, Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1929, tẹ̀lé àwòṣe ilé-ìwé àwọn ọmọ ọlọ́lá ní Ìlú Ọba: àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà, wọ́n pín sí House, eré sì wà nínú ètò ọjọ́ bí ìṣirò ti wà nínú rẹ̀. Kíríkẹ́ẹ̀tì àti họ́kì jẹ́ ara ohun tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ìwà. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ilé-ìwé bíi Queen's School, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹdẹ ní 1952 kó tó kó wá sí Ìbàdàn, tọ ipa kan náà. Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé, ìlú yìí kan náà sì ni wọ́n ti ṣe ìdíje àwọn yunifásítì, NUGA, àkọ́kọ́ ní 1966. Láti Ìbàdàn sí Fìdítì kò jìnnà, ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́ ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, 1955, kò pẹ́ tí àwọn òbí fi ń béèrè ibi tí ọmọ yóò lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìlú dáwó, ìjọ dáwó, ilé-ìwé gírámà ń rú yọ. Fiditi Grammar School àti Ilora Baptist Grammar School wà lára ìdílé ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé tuntun kì í dá àṣà tirẹ̀ sílẹ̀ lóòjọ́; ojú àwọn àgbà ló ń wò. Àwọn House aláwọ̀ oríṣiríṣi, àwọn pírífẹ́ẹ̀tì, agogo eré ìrọ̀lẹ́, eré ìdíje láàárín House, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Họ́kì wà nínú ẹrù yẹn, níbi tí owó bá ti tó láti ra igi.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ilé-ìwé ń ṣe nígbà náà kí ìdíje kan ṣoṣo tó wáyé. Igi méjìlélógún ni, pẹ̀lú ìbọsẹ̀ àti ìbọwọ́ àwọn aṣọ́lé méjèèjì, àti bọ́ọ̀lù tí yóò máa sọnù sínú igbó. Àwọn ọmọ ló ń fi àdá gé koríko pápá náà, ìgbà mìíràn gẹ́gẹ́ bí ìyà ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n ń fi ẹrù amọ̀ dí ojú kòtò. Nítorí pé inú ọgbà ni wọ́n ń gbé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò bá wọn lóko bàbá wọn. Bí eré bá parí, wọn á ka igi, wọn á kó o sínú yàrá, ọ̀gá eré á ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tó ń gbá họ́kì dáadáa kò ní igi tirẹ̀. Bó bá jáde ní kíláàsì karùn-ún, eré náà kò lè bá a jáde. Mo gbà pé ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Láàárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní 1979, Bọ́lá Ìgè di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, ẹ̀kọ́ gírámà sì di ọ̀fẹ́. Ọmọ ya wọ kíláàsì bí omi. Ilé ni ìjọba ń sáré kọ́, tábìlì àti tíṣà ni wọ́n ń wá. Ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kógbá sílé, owó eré tí wọ́n ń san mọ́ owó ilé-ìwé kò sí mọ́, ní ọ̀pọ̀ ibi sì ni kíláàsì tuntun ti jókòó sórí pápá. Ẹlòmíì lè sọ pé mo ń dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lẹ́bi. N kò ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ètò yẹn ló gbé ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alágbàtà wọ ibi tí ẹnìkan nínú ìran wọn kò dé rí, iye igi họ́kì yòówù kò tó pààrọ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ náà pàdánù pápá kan náà nígbà kan náà, ó sì bọ́ sí ìgboro. Àìní ibi tí yóò bọ́ sí ló pa họ́kì.

Wọ́n á ní igi rẹ̀ wọ́n ju agbára mẹ̀kúnnù lọ, pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò béèrè nǹkan kan. Òótọ́ ni pé ó wọ́n bí a bá rà á láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wo Sansarpur, abúlé kan lẹ́bàá ìlú Jalandhar ní Íńdíà. Bárékè sọ́jà wà nítòsí rẹ̀, àwọn sọ́jà ń gbá họ́kì níbẹ̀, àwọn ọmọ abúlé ń wò wọ́n, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Àwọn tó ti abúlé yẹn dé Òlíḿpíìkì lé ní mẹ́wàá. Ní Jalandhar àti ní Sialkot tó wà ní Pakísítàn báyìí, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sọ ṣíṣe igi họ́kì di òwò ńlá, igi mọ́búrì ni wọ́n ń tẹ̀. Íńdíà tí irú ìpìlẹ̀ yìí wà ní abẹ́ rẹ̀ gba wúrà Òlíḿpíìkì ní 1928, kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí di 1960. Ní 1948, kó tó pé ọdún kan tí Íńdíà gba òmìnira, wọ́n na Bìrìtìkó ní 4 sí 0 ní Lọ́ńdọ̀nù. Mẹ̀kúnnù pọ̀ ní Íńdíà náà. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Fìdítì ń gbẹ́ ọmọ odó àti èèkù àdá. Ta ló bẹ̀ wọ́n wò rí pé kí wọ́n gbìyànjú igi họ́kì fún àwọn ọmọdé?

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni Gánà. Òyìnbó kan náà ló gbé eré náà dé ọ̀dọ̀ wọn, inú ilé-ìwé tiwọn náà ló sì gbà kọjá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó rí ilé mìíràn gbé: sọ́jà, ọlọ́pàá àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀wọ̀n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ẹgbẹ́ Exchequers sì di ìlú-mọ̀ọ́ká láàárín àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù họ́kì Áfíríkà. Ọmọ tó jáde nílé-ìwé mọ ibi tí yóò gbé igi rẹ̀ lọ. Ní 1974, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje ife Áfíríkà, Gánà ló gbà á, ọdún kejì sì ni wọ́n lọ sí ife àgbáyé ní Kuala Lumpur. Theodosia Okoh, obìnrin tó ya àsíá Gánà, ló tún darí ẹgbẹ́ họ́kì ibẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ pápá họ́kì ní Accra. Àwa náà kò jókòó lásán: àwọn obìnrin Nàìjíríà dé ife àgbáyé ní Madrid ní 1978, họ́kì sì wà nínú ìdíje eré ìdárayá orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ìdíje bẹ́ẹ̀ ń wáyé. Ẹgbẹ́ tó ń pàdé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń mú eré wà láàyè.

Àtakò kan wà tó wúwo ju gbogbo ìyókù lọ. Ní Òlíḿpíìkì Montreal ní 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá họ́kì lórí koríko oníke, láti ìgbà náà ni àwọn ìdíje ńlá ti ń kúrò lórí koríko gidi díẹ̀díẹ̀, kò sì sí èyí tí a ń gbá lórí rẹ̀ mọ́ báyìí. Íńdíà fúnra rẹ̀ ṣe ipò keje lọ́dún yẹn. Ní ilẹ̀ wa, Àbújá gba irú pápá bẹ́ẹ̀ fún eré Gbogbo Áfíríkà ti 2003; Fìdítì kò ní ibi tí yóò ti rí owó rẹ̀. Mo gbà pé ìyípadà yìí ṣe àwọn orílẹ̀-èdè aláìní níbi, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ìdíje àgbáyé ló yí padà. Òfin kankan kò sọ pé kí ọmọ ọdún mẹ́wàá má kọ́ bí a ti ń yí igi lórí ilẹ̀ pupa tí a gbá tẹ́jú. Lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn Sansarpur ti kọ́ ọ.

Wọ́n ti tún dá ẹ̀yà kan sílẹ̀ báyìí, ènìyàn márùn-ún sí márùn-ún, lórí pápá tí kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2024, wọ́n ṣe ife àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Muscat ní Oman, àwọn ọkùnrin Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Igi mẹ́wàá ti tó fún un, ibi tí kíláàsì kò tíì gbà tán lórí pápá ilé-ìwé sì lè gbà á. Bí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ní Fìdítì tàbí Ìlọrà bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kí wọ́n má kó gbogbo igi náà fún ilé-ìwé nìkan. Kí ẹnìkan nílùú ní kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀, kó lè ṣí i fún àwọn ọmọ nígbà ìsinmi, kó sì ṣí i fún àwọn tó ti jáde ilé-ìwé.