Àwọn Ẹranko Ara Ògiri

Ẹni tí ó bá dúró níwájú kàtídírà Kútọnú, nítòsí afárá àtijọ́, ìlà pupa àti funfun ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ wo Notre-Dame ti Paris, àwọn ẹranko òkúta tí ó yọ orí síta lókè ni yóò máa wò títí ọrùn yóò fi máa dùn ún.

Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: ẹnu wọn ni omi òjò ń gbà jáde, kí ó má baà ṣàn mọ́ ògiri kí ó sì jẹ òkúta. Àwọn yòókù, tí àwòrán wọn gbajúmọ̀ jù, jókòó lásán ni wọ́n ń wo ìlú. Àlejò a máa rò pé wọ́n dàgbà tó ilé náà, tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1163. Kò rí bẹ́ẹ̀. Viollet-le-Duc, ẹni tí ó tún ilé náà ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ó fi wọ́n síbẹ̀, wọ́n sì tún ilé náà yà sí mímọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 1864.

Ọdún yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Oṣù kẹta rẹ̀ ni Glèlè, ọba Dàhòmì, kógun lọ bá Abẹ́òkúta, tí àwọn Ẹ̀gbá lé e padà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti lé Ghézo bàbá rẹ̀ ní 1851. Láyé àwọn ọba méjèèjì yìí ni wọ́n ń mọ ẹranko sára ògiri ààfin Àgbómẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, nígbà náà, pẹ̀lú àwọn tí ó jókòó sókè ní Paris.

Amọ̀ ni ti Àgbómẹ̀, kì í ṣe òkúta. Wọn a mọ ọ́n yọ lára ògiri, wọn a sì kùn ún ní ọ̀dà. Òrùlé koríko ni ó ń gba òjò kúrò lórí rẹ̀. Ẹfọ̀n ni àmì Ghézo, kìnìún ni ti Glèlè, ẹja àkùrákùdà ni ti Béhanzin. Wọn kò jókòó lásán. Orúkọ ọba àti ìlérí rẹ̀ ni wọ́n rù.

Ibi tí ó ti le fún ọmọ Yorùbá nìyí. Àwòrán ogun wà láàárín àwọn ẹranko náà, níbi tí jagunjagun Dàhòmì ti ń pa Nàgó tàbí tí ó ń gbé e lọ sí ìgbèkùn. Àwa ni Nàgó náà. Ní 1886 ni Glèlè fọ́ Kétu, tí ó kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Ọmọ Kétu kò lè wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń wo ohun ẹ̀ṣọ́. Síbẹ̀, kí á sọ ọ́ tán: láti nǹkan bí 1730 títí Ghézo fi kọ̀ ní àwọn ọdún 1820, Ọ̀yọ́ ni Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún. Ẹni tí ó fi amọ̀ ya Nàgó ní ìdojúbolẹ̀ ní ohun tí ó ń rántí.

Ní 1892, bí ọmọ ogun Faransé ti ń bọ̀, Béhanzin ní kí wọ́n dáná sun ààfin. Díẹ̀ ṣẹ́kù: láàárín 1993 àti 1997 ni a tún 50 nínú àwọn àwòrán ilé Glèlè ṣe. Ère igi rẹ̀, tí ọ̀gágun Dodds kó lọ sí Paris, padà wálé pẹ̀lú ti Béhanzin ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni èrò rọ́ lọ wò wọ́n ní Palais de la Marina, ní Kútọnú níbí. Orí kìnìún ni Glèlè gbé, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì bí ènìyàn, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ó fẹ́ jà.