Abẹ́òkúta: Ìlú Ńlá Tí Àwọn Ìlú Kéékèèké Kọ́

Ogun tó fọ́ Òwu ló ràn mọ́ igbó Ẹ̀gbá, ó sì tú àwọn ìlú ibẹ̀ ká. Àwọn tó ṣẹ́kù gbé ní Ìbàdàn fúngbà díẹ̀ láàárín àwọn tó ṣẹ́gun wọn, ṣùgbọ́n ara kò rọ̀ wọ́n níbẹ̀. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó wọn wá sí abẹ́ àpáta Olúmọ, nítòsí odò Ògùn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn ará Òwu náà wá bá wọn.

Ìlú tó lé ní 100 ló para pọ̀ síbẹ̀, kò sì sí èyí tó gbà kí òmíràn gbé òun mì. Ìtòkò, Ìkìjà, Ìlúgùn, Ìjẹ̀mọ̀: ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ àdúgbò tirẹ̀ dó, ó sì fi orúkọ ibi tí wọ́n ti wá pè é. Ó ní Ògbóni tó ń dájọ́, Balógun tó ń kó ọmọ ogun, àti Pàràkòyí tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò. Aáwọ̀ inú ilé, inú àdúgbò náà ni wọ́n ti ń parí rẹ̀.

Ṣódẹkẹ́ kò dé adé. Jagunjagun ni, ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní nínú rẹ̀ ló sì so wọ́n pọ̀, kì í ṣe òfin kankan. Nígbà tó kú ní àárín àwọn ọdún 1840, àlàfo ńlá ṣí sílẹ̀. Ó di 1854 kí Òkúkẹ́nù tó jọba gẹ́gẹ́ bí Aláké, ìyẹn pàápàá kò sì sọ àwọn olóyè yòókù di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Odi ìlú ló ṣe ohun tí adé kò tíì lè ṣe. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1851, ọmọ ogun Gezo ọba Dàhòmì, obìnrin wà lára wọn, kọlu ẹnubodè Aro. Balógun kọ̀ọ̀kan kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde, odi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì gbà là. Dàhòmì tún padà wá ní 1864, àwọn Ẹ̀gbá tún lé wọn.

Ní 1865, G. W. Johnson, ọmọ Sàró, gbìyànjú láti dá ìjọba kan ṣoṣo sílẹ̀ tí yóò máa gba owó ibodè. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi túká. Èyí tó fìdí múlẹ̀ dé ní 1898: àwọn ọba mẹ́rin, Aláké, Òṣílẹ̀, Àgùrá àti Olówu, jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan, adé kọ̀ọ̀kan sì wà lórí ẹni tó ni ín. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ìjọba olómìnira ni.

Àdúgbò kan ṣoṣo ni òpin rẹ̀ ti wá. Ní 1914, àgbàlagbà kan ní Ìjẹ̀mọ̀ kú lẹ́yìn tí wọ́n mú un, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fárígá. Ìjọba Ẹ̀gbá pe àwọn ṣójà Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ará Ìjẹ̀mọ̀, ọdún náà ni òmìnira Ẹ̀gbá sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba amúnisìn.