Hẹ̀rẹ̀huru Inú Ara: Ohun Tí Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Ń Sọ fún Ara Wọn Bí A Ti Ń Darúgbó

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ohun tí ẹnì kan jẹ lọ́sàn-án di ikọ́ lóru, gbogbo ilé sì bá a ṣàìsùn. Ìwà ọmọ ènìyàn ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ni èmi fẹ́ lò ó fún.

Bí ènìyàn bá ya ilé àgbàlagbà kan ní ìlú Òsì tàbí Ìlọ́fà, tó sì béèrè ìdí tí orúnkún fi ń ro ó, èsì tó sábà máa ń jáde ni pé ara ló ti gbó. A gbà pé bí aṣọ ti ń gbó ni ara ń gbó. Èrò yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò kún tó. Aṣọ kì í tún ara rẹ̀ hun. Ara ẹ̀dá ń tún ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́, iṣẹ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ̀yà tín-ín-tìn-ín-tín tó para pọ̀ di ara, ń rán sí ara wọn ló sì fi ń ṣe é. Bí ọkọ́ bá ṣá ni lẹ́sẹ̀ lóko, àwọn sẹ́ẹ̀lì etí ọgbẹ́ á ránṣẹ́ pe àwọn tó ń dáàbò bo ara, àwọn yẹn náà á ránṣẹ́ pe àwọn tó ń di ẹran ara. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Carlos López-Otín àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ to àmì mẹ́sàn-án tí a fi ń mọ ogbó jọ ní ọdún 2013, wọ́n ka dídàrú iṣẹ́ rírán yìí mọ́ wọn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì tó kú àti sẹ́ẹ̀lì tó gbó ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì tó kú kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀: àwọn tó yí i ká á gbé e mì, ààyè rẹ̀ á di ti òmíràn. Sẹ́ẹ̀lì tó gbó kò kú. Ní ọdún 1961, Leonard Hayflick àti Paul Moorhead fi hàn ní Philadelphia pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ń tọ́jú sínú ìgò á pín sí méjì ní nǹkan bí ìgbà àádọ́ta, lẹ́yìn náà á ṣíwọ́. Ó ṣíwọ́ pípín, ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó wà láàyè.

Ohun tí a kò tètè mọ̀ ni pé ó tún ń sọ̀rọ̀. Ní 2008, Judith Campisi àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní California to àwọn èròjà tí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń tú sí àyíká rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn kan ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun ara dìde, àwọn kan ń jẹ okùn tó so ẹran ara pọ̀. A tún ti rí i pé wọ́n lè sọ sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí di arúgbó ṣáájú àkókò. Ní 2018, Ming Xu, James Kirkland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Mayo Clinic, Amẹ́ríkà, gbin ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó sínú eku tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Kò pẹ́ tí ìrìn eku náà fi lọ́ra, tí agbára tó fi ń di nǹkan mú sì dín kù.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí pe sẹ́ẹ̀lì tó gbó ní ọ̀tá. Ṣíṣíwọ́ tó ṣíwọ́ pípín wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ di jẹjẹrẹ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 sì fi hàn lára eku pé irú wọn máa ń yọ síbi ọgbẹ́, tí wọ́n á mú kó tètè jinná, kí wọ́n tó kúrò. Kíkúrò yẹn gan-an ni kókó. Nígbà èwe, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun ara á gbọ́ ariwo wọn, wọ́n á wá kó wọn. Bí ọjọ́ orí ti ń ga, àwọn tó gbó ń pọ̀ sí i, àwọn tó ń kó wọn ń lọ́ra, ariwo náà kò sì dákẹ́ mọ́. Ìgbóná abẹ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ wá, tí kì í mú ibà dání, lọ́wọ́ nínú dídí òpó ẹ̀jẹ̀, nínú làkúrègbé àti nínú àtọ̀gbẹ.

Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà tí púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ń gbà. Ní 2005, Irina àti Michael Conboy pẹ̀lú Thomas Rando ní Stanford so ẹ̀jẹ̀ eku àgbà pọ̀ mọ́ ti eku ọ̀dọ́, iṣan eku àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe bí ti ọ̀dọ́. Làwọn kan bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ ni oògùn ogbó; wọ́n tilẹ̀ ń ta omi inú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà títí àjọ tó ń bójú tó oògùn níbẹ̀ fi kìlọ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2019. Ṣùgbọ́n ní 2020, àwọn Conboy kan náà fi omi iyọ̀ àti èròjà albumin rọ́pò ìdajì omi inú ẹ̀jẹ̀ eku àgbà, láìfi ti ọ̀dọ́ kankan sí i, àǹfààní tó jọ ti àkọ́kọ́ sì yọ. Iṣẹ́ burúkú tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àgbà ni wọ́n bomi là. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ń sọ arúgbó di ọ̀dọ́, irọ́ ló ń pa.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa. Ní ọdún 1992 ni Benjamin Ọ̀ṣuntókun, Adéṣọlá Ògúnníyì, Hugh Hendrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, 1.35 ni àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wọ́pọ̀ lọ́hùn-ún ju tiwa lọ. Nítorí náà, ṣíṣarán kì í ṣe dandan fún ẹni tó bá ti dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni a máa ń sọ.

Òwe tí mo fi ṣíde ní kí a sọ fún ará ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Oògùn tó dájú tó ń kó sẹ́ẹ̀lì tó gbó kúrò lára ènìyàn kò tíì sí. Lára eku ni ẹ̀rí tó lágbára jù wà, ẹni tó bá sì ń polówó rẹ̀ nínú ìgò àgbo kò ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n interleukin-6, tó wà lára èròjà tí sẹ́ẹ̀lì tó gbó ń tú jáde, ni iṣan pẹ̀lú ń tú jáde nígbà tí ènìyàn bá ń rìn tàbí tó ń kọ ebè. Bente Klarlund Pedersen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark fi hàn pé bó bá ti ọ̀dọ̀ iṣan tó ń ṣiṣẹ́ wá, ńṣe ló ń bá ara pẹ̀tù sí ìgbóná náà. Bàbá tó wà ní ìlú Araròmí-Òpin tó ṣì lè fẹsẹ̀ rìn dóko, ẹ má fi ìkẹ́ dá a jókòó sílé. Ẹ̀yin ọmọ tó wà ní Ìlọrin àti Èkó, bí ẹ bá wálé ọdún, ẹ mú àwọn òbí yín lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò kí ẹ tó padà.